Ohun tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ Máa Ń Béèrè

Nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́, kú, àwọn ẹbí ní kí èmi tí mo kàwé kọ ìwé pélébé kan nípa rẹ̀, kí wọ́n lè pín in fún àwọn tó bá wá síbi àdúrà ogójì ọjọ́. Mo gbà, n kò sì kọ ọ́. Àdúrà náà kọjá, ọdún yípo, mo ṣì ń sọ fún wọn pé mò ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Ó pé ọdún mẹ́rin báyìí. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, mo ti sin Sikírátù ìyàwó mi náà. Tí mo bá máa sọ òótọ́, kì í ṣe ìyá àgbà ló mú mi jókòó sídìí tábìlì ní ọ̀sán Sátidé yìí. Rófíà ọmọ mi ni.

Rófíà pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Oṣù méjì ti kọjá tí ìyá rẹ̀ ti lọ, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ báyìí tí kò fọwọ́ kan fóònù mọ́. Bí fóònù bá dún nínú pálọ̀ wa ní Ìkòròdú, yóò dìde jẹ́jẹ́, yóò gba ẹ̀yìnkùlé jáde, yóò dúró sídìí okùn tí a ń sá aṣọ sí títí fóònù yóò fi dákẹ́. Láàárọ̀ ni mo máa ń lọ sí Èbúté láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó. Tí mo bá pe ilé lọ́sàn-án láti béèrè bóyá ó ti jẹun, aládùúgbò wa ni yóò gbé e. Aládùúgbò yìí náà ló sọ fún mi pé àwọn ọmọ iléèwé wọn ń sọ pé àwọn nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé ìpè wọn yóò kú.

Mo pe Rófíà, mo sọ fún un pé irọ́ ni. Mo ṣàlàyé bí fóònù ṣe ń ṣiṣẹ́, láti orí òpó gíga yẹn dé inú etí ènìyàn. Nígbà tí fóònù tún dún, tó tún jáde, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn mi sì le. Ó ní, “Ẹ ṣé, Dádì.” Láti ọjọ́ náà, “Ẹ ṣé, Dádì” àti “Ó ti tó, Dádì” nìkan ni mò ń gbọ́. A dà bí ayálégbé méjì nínú ilé kan. N kò lè jókòó pẹ́ lójú kan mọ́. Mò ń tún ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ ṣe. Mo sì ń ronú nípa Ìyá Ẹ̀pẹ́, tí n kò gbọ́ kó sọ “irọ́ ni” fún ẹnikẹ́ni rí, àfi ọkùnrin kan ṣoṣo.

Ẹja ló ń yan tà, títí apá rẹ̀ kò fi lè gbé agbọ̀n mọ́. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀sà. Èéfín ti wọ ògiri ilé náà débi pé, bí wọ́n bá kun ún lọ́dà de ọdún Iléyá, òórùn ẹja á ti padà kí ẹran ọdún tó tán. Àpótí ìjókòó méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀, ìkejì kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá gbé ìròyìn gbígbóná dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, Ìyá á fẹsẹ̀ ti àpótí kejì náà sí i. Á ní, “Jókòó. Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.” Á sì máa yí ẹja rẹ̀ lọ.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ìyá Jẹ́mílà, ìyàwó apẹja tó ń gbé ní ilé kejì sí tirẹ̀, sáré dé pé ọmọkùnrin kan ṣa owó nílẹ̀ ní Èkó, ló bá di iṣu. Èmi bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ò rẹ́rìn-ín.

“Iṣu,” ló wí. “Ṣé iṣu funfun ni àbí ewùrà?”

“Wọn ò sọ, Ìyá.”

“Wọn ò sọ kẹ̀! Ṣé ó tóbi?”

“Wọ́n ní ó tóbi gan-an ni.”

“Ta ló wá gbé e lọ sílé?”

Ìyá Jẹ́mílà la ẹnu, ó tún pa á dé. “Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ni yóò gbé irú iṣu bẹ́ẹ̀ lọ sílé?” Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá bá a rín in dáadáa, omi ń jáde lójú àwọn méjèèjì. Ó wá bi í pẹ̀lẹ́ pé, “Kí ló wá ń bà ọ́ lẹ́rù nínú rẹ̀?”

Ẹ̀rín tán lójú obìnrin náà. Ó ní àkọ́bí òun wà ní Èkó, oṣù kẹta rèé tí òun ò gbúròó rẹ̀. Wọ́n jọ ronú ẹni tó ń lọ sí Èkó lọ́la tí wọ́n lè rán sí i. Nígbà tó lọ tán, mo ní, “Ìyá, ẹ ò tiẹ̀ sọ fún un pé ènìyàn kì í di iṣu.”

Ó ní, “Àkànní, ṣé iṣu ló gbé e wá síbí ni?”

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun alára kì í gba àhesọ gbọ́. Ó dá a lójú pé ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ti di ẹja ọ̀sà létí, pé ìdí nìyẹn tí ẹja ò fi pọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́, nítorí pé ẹja tí kò gbọ́ràn kò lè rí ìyàwó fẹ́. Ọjọ́ tó sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ikùn mú. Ó dúró dè mí.

“Ṣé o ti rín in tán?”

“Mo ti rín in tán, Ìyá.”

“Ó dáa. Báwo ni ẹja ṣe ń gbọ́ràn?”

N kò mọ̀. Mo ti gba oyè ní yunifásítì, n kò mọ̀ bóyá ẹja tilẹ̀ ní etí. “A jẹ́ pé àwa méjèèjì ni a ò mọ̀,” ló wí. “Ìwọ nìkan lo rẹ́rìn-ín.”

Ohun tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa nìyẹn. Ìwà rẹ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Mo ka ọ̀pọ̀ ìbéèrè yẹn sí fífi àkókò ṣòfò, mo sì máa ń sọ ọ́ fún un. Kì í ṣe èmi nìkan. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbogbo ló ń ráhùn. Nígbà kan, obìnrin kan jókòó sórí àpótí kejì, ó ń ro ẹjọ́ àjẹ́ kan fún un láti òwúrọ̀, Ìyá ń béèrè, ó ń gbọ́, títí gbogbo ẹja ojú ààrò fi jó di èédú. Ìyá mi bú sẹ́kún. Ìyá Ẹ̀pẹ́ gbọn eérú kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó ní, “Ẹja mìíràn ń bọ̀ lọ́la. Obìnrin yẹn lè má padà wá mọ́.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ sọ gan-an.

Oyún àkọ́kọ́ tí Sikírátù ní bàjẹ́ ní oṣù kẹfà. Dókítà ní ibà ló fà á. Nígbà tó tún lóyún, mo mú un lọ sọ́dọ̀ Ìyá ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti bí òun náà, torí pé èmi kì í sí nílé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ń pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn olóògùn fún àwọn aboyún nígbà yẹn. Mo gba ọ̀kan, mo so ó sórí ibùsùn rẹ̀ fúnra mi, mo padà sí Ìkòròdú pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo tún lọ, kò sí nǹkan kan lórí ibùsùn. Nẹ́ẹ̀tì ti wà nínú àpò ìrẹsì.

“Sikírá, nẹ́ẹ̀tì ńkọ́?”

“Mi ò lò ó mọ́. Ó ń pani.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló mọ̀. Ó pa ẹja ọkọ Ìyá Jẹ́mílà nínú àgbá, kò ku ẹyọ kan. Wọ́n ní èyí tó bá pa ẹja yóò pa ọmọ inú. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ló fi ránṣẹ́ kí àwa Mùsùlùmí má bàa pọ̀.”

Mo pariwo. Mo ní irọ́ ni, irọ́ gbuu. Mo ní ojú ń tì mí pé obìnrin tó jáde girama ń gba ọ̀rọ̀ àwọn òpè gbọ́. Kò gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ní ibà ni. Èmi ni mo gbé ọmọ yẹn títí ó fi kú.” Ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn.

Ìyá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ààrò. Ó pè mí.

“Àkànní, ṣé o ti borí?”

Mo wo ilẹ̀kùn yàrá.

“Ṣé ó ti so nẹ́ẹ̀tì padà?”

“Rárá, Ìyá.”

“Hẹn-ẹn.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Ilé Ìyá Jẹ́mílà la lọ. Mo rò pé ó fẹ́ lọ bá a wí ni. Ìyá jókòó, ó kọ́kọ́ kí ọkọ rẹ̀ kú àdánù ẹja, ó kí i dáadáa bí ẹni pé ènìyàn ló kú. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyàwó, ó ní, “Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.” Nẹ́ẹ̀tì náà ní òórùn oògùn, ni Ìyá Jẹ́mílà bá fọ̀ ọ́ nínú bàsíà kó tó lò ó. Ó da omi rẹ̀ nù. Bàsíà yẹn kan náà, láìṣàn án, ló fi pọn omi kún àgbá tí ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú ẹja àrọ̀ sí láàyè de ọjọ́ ọjà. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, gbogbo wọn ti yíkùn sókè.

“Àrọ̀, Ìyá!” ni ọkọ rẹ̀ ń wí. “Àrọ̀ tó ń gbé inú ẹrẹ̀! Èyí tí mo ń gbé rọra lọ sọ́jà láìsí omi, tí kì í kú!”

Mo ní ó ní láti jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló pa wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá gbé bàsíà méjì síwájú ilé, ó da omi kànga sí méjèèjì. Ó ki igun nẹ́ẹ̀tì Sikírátù bọ ọ̀kan, ó fún un dáadáa. Ó wá fi ẹja èpìyà wẹ́wẹ́ mẹ́ta mẹ́ta sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin àdúgbò yí i ká. Sikírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn. Èmi náà fọwọ́ lérán, mò ń retí ìgbà tí ojú yóò tì wọ́n.

Èmi lojú tì. Kò pẹ́ tí èpìyà inú bàsíà nẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí yí gbirigbiri lójú kan, wọ́n sì kú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti bàsíà kejì ń lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ìyá Jẹ́mílà pàtẹ́wọ́. “Ẹ ti rí i! Ẹ ti rí i! Dókítà Ìkòròdú, ẹ bọ́ síwájú kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀ o!” N kì í ṣe dókítà. Yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe, gbogbo wọn sì rín in.

Ìyá dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀. “Kò purọ́,” ló wí fún mi. “Ohun tó rí ló sọ. Ìwọ tó o kàwé, lọ bá wa béèrè ìdí rẹ̀. Má lọ bá wọn jà o. Béèrè.”

Kò ya nọ́ọ̀sì tó pín nẹ́ẹ̀tì lẹ́nu rárá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, oògùn tó wà lára rẹ̀ ń pa ẹ̀fọn, ẹja náà ò sì lè fara dà á nínú omi. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó wà lára nẹ́ẹ̀tì kò lè pa ènìyàn, aboyún gan-an ló sì yẹ kó sùn lábẹ́ rẹ̀. Ó wá wò mí. “Ṣé ẹ ò ka ara ọ̀rá rẹ̀ ni, sà? Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹ má fọ̀ ọ́ lódò.” N kò kà á. Mo ti fa ọ̀rá náà ya, mo ti jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Èmi tí mò ń pe gbogbo Ẹ̀pẹ́ ní òpè ni n kò kàwé.

Mo padà wá sọ ọ́ fún gbogbo wọn bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́, títí kan ti ọ̀rá. Wọ́n gbà pé ibi tó jìnnà sí omi ni kí wọ́n ti máa fọ̀ ọ́. Sikírátù náà gbọ́, ṣùgbọ́n kò so nẹ́ẹ̀tì. Mo tún fẹ́ la ẹnu, Ìyá fojú bá mi wí. Ó sá nẹ́ẹ̀tì náà síbòji fún ọjọ́ kan, ó so ó sórí ibùsùn tirẹ̀, ó ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Sikírátù ló ròyìn ìyókù fún mi. Ó ní láràárọ̀ fún ọjọ́ méje ni òun ń lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá, pé òun á kọ́kọ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí ẹ̀rù ohun tí òun lè bá nínú yàrá náà.

“Ìyá, ṣé ẹ jí?”

“Mo jí o, ìyàwó mi. Ẹja kọ́ ni mí.”

Ní ọjọ́ kẹjọ, kò kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó tú nẹ́ẹ̀tì kúrò lórí ibùsùn Ìyá, ó lọ so ó sórí tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé kó ṣe é. Rófíà ló bí.

Ọkùnrin tí mo ní Ìyá sọ “irọ́ ni” fún, oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń finá sí ló ń kiri. Òun ló ń fi ọ̀rọ̀ òyìnbó àti Mùsùlùmí kún ọ̀rọ̀ ẹja, kí ọjà rẹ̀ lè tà. Ìyàwó rẹ̀ alára ló sọ ọ́ létí Ìyá pé nẹ́ẹ̀tì wà lórí àwọn ọmọ tiwọn nílé. Nígbà tó kiri dé iwájú ilé, Ìyá ò ti àpótí sí i. Ó ní, “Irọ́ lò ń pa, o sì mọ̀.” Ọkùnrin náà gbé igbá rẹ̀, ó lọ. Mo bi Ìyá pé èéṣe tí kò fi ní kí òun náà sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tó gba irọ́ gbọ́, ẹ̀rù ń bà á. Eléyìí, ẹ̀rù kankan ò sí lójú ẹ̀.”

Ìgbà tí mo rí Ìyá kẹ́yìn, ó ti dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ó dá mi mọ̀ nípa bí mo ṣe ń wúkọ́. “Àkànní, ṣé o ti béèrè bí ẹja ṣe ń gbọ́ràn?” N kò tíì béèrè. Ó ní, “Má gbàgbé o.” Ọjọ́ tí a sin ín, Ìyá Jẹ́mílà jókòó sórí àpótí kejì láti àárọ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò níbẹ̀.

Ibí yìí ni mo kọ ọ́ dé nígbà tí fóònù dún. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Rófíà, mo gbọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. N kò gbé fóònù náà. Mo gbé àpótí méjì ní kíṣìnnì, mo lọ bá a sídìí okùn aṣọ. Mo jókòó sórí ọ̀kan, mo fẹsẹ̀ ti ìkejì sí i.

“Jókòó,” mo ní. “Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.”

“Ẹ máa ní irọ́ ni.”

“Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó wo àpótí náà pẹ́ kó tó jókòó. Ó ní, “Ọjọ́ tí Mọ́mì kú, nígbà tí a jáde níléèwé, mo yà sí ibùdókọ̀ Benson, lábẹ́ agboòrùn obìnrin tó ń fi fóònù ta ìpè. Mo fi owó búrẹ́dì mi pe Mọ́mì ní ọsibítù.”

N kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Kíndìnrín ló ṣe ìyàwó mi, ó ti pẹ́ tó ti ń bá a fà á. Lọ́jọ́ náà, orí omi ni mo wà, mò ń ti Èkó bọ̀. Èbúté ni mo gúnlẹ̀ sí tí wọ́n fi pè mí pé ó ti lọ. Àwọn ará ọsibítù ní ó ti ń sùn láti àárọ̀, pé kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

“Ta ló gbé e?”

“Mọ́mì fúnra wọn ni. Ẹ wá padà dé lọ́jọ́ yẹn, ẹ ní wọ́n ti kú. Ẹnì kan ní kíláàsì wa wá mú ìwé kan wá, wọ́n kọ àwọn nọ́ńbà tó ń pani síbẹ̀. Nọ́ńbà obìnrin yẹn, bó ṣe parí, ó jọ ọ̀kan níbẹ̀.” Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. “Èmi ni mo pè wọ́n, Dádì.”

“Irọ́ ni” ti dé ètè mi. Mo gbé e mì.

“Tí fóònù bá wá ń dún nínú ilé wa, kí ló máa ń bà ọ́ lẹ́rù?”

“Pé ẹ̀yin lẹ máa gbé e.”

Mo wá bi í ní ohun tí kò sí nínú àwọn ìbéèrè Ìyá Ẹ̀pẹ́, èyí tí mo fẹ́ mọ̀ fún ara mi. “Kí ni Mọ́mì sọ fún ọ?”

“Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ohùn mi ti dà bíi ti àgbàlagbà lórí fóònù. Wọ́n ní kí n máa tú nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n ní kí n máa rán ẹ̀yin náà létí, torí ẹ máa ń gbàgbé.”

Oṣù méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ilé mi, lẹ́nu ọmọ tí mò ń pariwo mọ́.

Mo sọ nípa àìsàn ìyá rẹ̀ fún un, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí dókítà ti sọ fún mi ṣáájú kó tó di ọjọ́ ìpè yẹn. Ó gbọ́ ọ, ó béèrè ìbéèrè méjì, mo dáhùn ọ̀kan, mo ní n kò mọ ìkejì. N kò lè sọ pé ó ti gbà mí gbọ́. Fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí dún nínú pálọ̀. Ó fẹ́ dìde, ó tún jókòó. Ó di apá mi mú.

“Ẹ má gbé e o.”

“Mi ò ní gbé e lónìí.”

A jọ jókòó títí ó fi dákẹ́. Oòrùn ti wọ̀ lẹ́yìn ilé aládùúgbò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó ní, “Dádì, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú.” A wọlé, ó di apá kan nẹ́ẹ̀tì náà mú, mo di apá kejì mú, a sì tú u sílẹ̀.